Ọjọ́ Tí Manev Wá Yá Ẹfọ̀n Rusi

Ẹran tí ebi ń pa kò mọ̀ pé ìwé ni wọ́n fi lé òun kúrò lórí koríko. Ohun tó mọ̀ ni pé koríko ń bẹ lọ́hùn-ún, wáyà ń bẹ láàárín, ikùn sì ṣófo. Ìdí nìyí tí àwọn ẹfọ̀n Rusi fi ń ké láti àfẹ̀mọ́júmọ́, tí igbe wọn gba gbogbo abúlé Suhi Brod kan, tí àwọn aládùúgbò ń fi ìrọ̀rí bo etí. Ẹfọ̀n ilé ni wọ́n o, àwọn dúdú onísùúrù tí ń fún ni ní wàrà, kì í ṣe ti inú igbó tí ọdẹ ń torí ẹ̀ gun igi. Irú wọn kì í ké lásán.

Donka, ìyàwó Rusi, jókòó sórí àpótí, ó gbé orí ti ìhà Sultana, ìyá àgbà inú agbo náà, ó ń fún ọmú rẹ̀. Egungun ìhà ẹran náà ń gún un ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Mo ti gbọ́, ìyá mi," ó ń bá a sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mo gbọ́ ọ. Kí lo wá ní kí n ṣe?"

Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́ ni ọ̀rọ̀ ti rí báyìí. Pápá etí odò Tundzha, tí baba ńlá wọn ti ń da ẹran sí, tí ẹnikẹ́ni kì í bi ẹnì kejì níbẹ̀ pé ta ló fún ọ láyè, ni alága ìlú gbé lé ilé iṣẹ́ Manev lọ́wọ́. Manev kò ní ewúrẹ́ kan. Kò ní adìyẹ. Ohun tó ní ni ọ́fíìsì tútù ní ìgboro, àti ìwé tó sọ pé àgbẹ̀ ni òun. Ìjọba ń san owó ìrànwọ́ fún àgbẹ̀ lórí éékà kọ̀ọ̀kan, ẹni tí éékà bá sì wà lórúkọ rẹ̀ ni owó ń bá lọ, ì báà má mọ iwájú ọkọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wáyà ló kọ́kọ́ dé sí pápá. Géètì tẹ̀lé e. Àgádágodo ló kẹ́yìn.

Donka kò tíì fún ọmú tán tí Violeta, ọmọ rẹ̀ obìnrin, fi yọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹran. Ó ti múra iṣẹ́, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màámi, ọ̀gá ń bọ̀."

"Ọ̀gá wo?"

"Ọ̀gá mi. Manev. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ni. Ó ní òun fẹ́ bá bàbá mi sọ̀rọ̀."

Ọwọ́ Donka dúró lára ọmú. Láti ìgbà tí Manev ti ń kọjá níwájú ilé wọn, kò dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró rí.

Nígbà tí wọ́n wọlé, Rusi ti jókòó ti búrẹ́dì àti wàràkàṣì lórí tábìlì, ó ń gé tòmátò. Ìyá rẹ̀, Màmá Zlata, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, tòun tọ̀pá rẹ̀. Àgbà obìnrin náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì sí ẹfọ̀n kan nínú ilé náà tí kì í ṣe òun ló sọ ọ́ lórúkọ.

"Ọ̀gá Violeta ń bọ̀ wá kí wa," Donka sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ṣú.

Rusi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Kí ló tún kù? Ṣé afẹ́fẹ́ tó wà nínú ilé wa ló fẹ́ wá fi wáyà yí ká?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," Violeta ní. "Ẹ kàn gbọ́ tẹnu ẹ̀ ná."

"Akọ̀wé ọ̀gá! Ṣé ìwọ ti mọ ohun tó wà lẹ́nu ẹ̀?"

Violeta wolẹ̀.

"Ó mọ̀ ọ́n. Ẹ wojú ẹ̀, ó mọ̀ ọ́n! Ọmọ tí mo bí nínú ara mi ló ń bá Manev tọ́jú ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi, nínú ilé tí mo fọwọ́ mi kọ́."

"Owó Manev náà la fi ra búrẹ́dì tó wà níwájú yín yẹn!"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó gbìyànjú láti ṣa èèpo rẹ̀. Violeta fọwọ́ bo ẹnu, ó ti pẹ́ jù. Rusi rọra ti búrẹ́dì náà síwájú, títí tó fi kan etí tábìlì lódì kejì.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi," Màmá Zlata ní láti ẹ̀gbẹ́ ààrò. "Búrẹ́dì ò ṣẹ̀ ọ́."

Kò jẹ ẹ́.

Manev dé pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣokoléètì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyá àgbà. Ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n kí ni. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó bọ́ ọ. "Ẹ̀gbọ́n Rusi, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá, ara ń le? Ìyá Violeta, ọmọ yín ń ṣe dáadáa lọ́dọ̀ wa o, ẹ tọ́ ọ." Nígbà tó kí wọn tán, tí kò sẹ́ni tó fún un lága, ó fà á fúnra rẹ̀.

"Àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ láti Sofia lónìí," ó ní. "Wọ́n fẹ́ rí ẹran lórí pápá."

"Kẹ́ ẹ fi ẹran yín hàn wọ́n nìyẹn," Rusi ní.

Manev rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣeré. Ẹ mọ̀ pé mi ò ní."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni."

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹran, èmi ni mo ní koríko. Ẹ wò ó, Ọlọ́run ló pa wá pọ̀ yìí."

"Má fi Ọlọ́run sí i," Màmá Zlata ní. Kò gbójú sókè. "Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló bù sẹ́nu."

Manev ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó sọ tirẹ̀. Kí Rusi da ẹfọ̀n lọ sí pápá láàárọ̀ yìí. Violeta á tẹ nọ́ńbà tó wà létí wọn sórúkọ ilé iṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á tẹ̀ ẹ́ padà sórúkọ Rusi. Àwọn aṣàyẹ̀wò á rí ohun tí wọ́n wá rí, wọn á jẹun, wọn á lọ. Nítorí oore yìí, géètì á wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún ẹfọ̀n Rusi títí yìnyín á fi bọ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Òun á sì tún gbé koríko gbígbẹ tó máa mú wọn la ìgbà òtútù já wá sẹ́nu ọ̀nà ilé.

"Ẹ gbà mí gbọ́," ó ní. "Ṣé mo ti parọ́ fún yín rí?"

Ìyẹn jẹ́ òótọ́. Kò bá wọn sọ̀rọ̀ rí.

"Dìde," Rusi ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an. "Wọ bàtà ẹ."

Nígbà náà ni Sultana tún ké. Igbe náà gùn, ó wọlé láti ojú fèrèsé, ó sì jókòó sáàárín wọn bí àlejò kejì. Donka kò sọ̀rọ̀ ṣáájú ọkọ rẹ̀ níwájú àlejò rí láti ìgbà tó ti wọ ilé náà. Ó bá ara rẹ̀ lórí ìdúró.

"Bàbá Violeta, ẹ dúró ná."

"Donka."

"Ẹ dúró. Tá a bá ní ká tà wọ́n lónìí, egungun la máa tà. Koríko gbígbẹ tó kù sílé ò lè mọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń dùn yín, ó ń dun èmi náà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ò lè bu iyì sínú ọpọ́n kó gbé e fẹ́fọ̀n jẹ. Ẹ jáde lọ síta, ẹ lọ bi wọ́n léèrè. Ẹ bi Sultana bóyá ó fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó ni koríko kó tó jẹ ẹ́."

Rusi wò ó. Ó wò ó títí Manev fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Màmá Zlata wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì da ojú kọ ààrò.

"Ó dáa," Rusi ní. "Ìwọ lo sọ ọ́ o, Donka. Ìwọ lo sọ ọ́."

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú Donka, ó sì jókòó síbẹ̀.

Ojú ọ̀nà ìlú ni wọ́n gbà, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn. Rusi ṣáájú, ẹfọ̀n tò tẹ̀lé e, Donka wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀ka igi tí kò lò. Pena, aládùúgbò tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan kọjá níwájú ilé rẹ̀ láìwọlé, ti jáde sẹ́nu géètì.

"Ìyá Violeta! Ibo là ń gbé ìyàwó lọ?"

"Pápá ni."

"Pápá wo? Pápá Manev? Haa! Ṣé ó ti ṣí i fún gbogbo wa ni, àbí fún àwọn àna ẹ̀ nìkan?"

"Pena, jọ̀ọ́."

"Mi ò sọ nǹkan kan o. Ẹ kú oríire ni mo wí. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Àwọn ọkùnrin tó jókòó síwájú ilé ọtí dákẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ọ̀kan nínú wọn nahùn tẹ̀lé wọn: "Rusi! Bá mi bẹ Manev kó wá yá ewúrẹ́ tèmi náà! Àfi pé mo ti jẹ ẹ́!" Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀yìn ọrùn Rusi pọ́n, ṣùgbọ́n kò bojú wẹ̀yìn.

Gocho, alábòójútó Manev, ló ṣí àgádágodo. Bí géètì ti là, Sultana dúró. Ó gbé imú sókè, ó fa afẹ́fẹ́ sínú, gbogbo ara rẹ̀ sì gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà yẹn, tí ń wọ́sẹ̀ láti àárọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Gbogbo wọn sáré. Ilẹ̀ ń dún gbì-gbì-gbì lábẹ́ wọn. Koríko tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ìgbà yìnyín ga dé ikùn wọn, wọ́n sì ki ẹnu bọ̀ ọ́, wọn ò gbórí sókè mọ́. Ìgbà tí wọ́n jẹ díẹ̀, wọ́n wọ́ lọ sínú ẹrẹ̀ etí odò, wọ́n rì sínú rẹ̀ títí ó fi ku imú àti ìwo, wọ́n sì ń mí bí arúgbó tó bọ́ sínú omi gbígbóná.

Donka gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ. Rusi ló ń rẹ́rìn-ín.

"Wo ọ̀dọ́ yẹn," ó ní, ó ń tọ́ka sí ọmọ ẹfọ̀n kan tí kò rí ẹrẹ̀ rí, tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú tọ́ ọ wò. "Wò ó, ó ń bẹ̀rù! Wọlé, ọ̀lẹ! Iwájú ni kó o kọ sí!"

Ó di Donka lọ́wọ́ mú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, Donka rò pé òun ṣe ohun tó tọ́.

Àwọn aṣàyẹ̀wò dé ní ọ̀sán gangan, obìnrin kan tó wọ awò ojú àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ dání. Manev ti tẹ́ tábìlì fún wọn lábẹ́ igi: ọ̀dọ́ àgùntàn tí wọ́n yan odindi, búrẹ́dì gbígbóná, ọtí rakíyà tí wọ́n fi sínú omi tútù. Kò sí ohun tó jọ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Àlejò ni wọ́n, wọ́n sì ń fún àlejò lóúnjẹ ní ilẹ̀ wọn.

Wọ́n ka ẹfọ̀n. Ọ̀dọ́kùnrin náà bọ́ sẹ́bàá ẹrẹ̀, ó ń ka nọ́ńbà etí sókè, obìnrin náà ń dáhùn láti inú kọ̀ǹpútà: "Ó wà. Ó wà. Ti ilé iṣẹ́ Manev. Ó wà." Nígbà tí wọ́n parí, obìnrin náà rìn wá sọ́dọ̀ Rusi. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó rẹ́rìn-ín sí i.

"Ẹran yín rẹwà gan-an," ó ní.

Rusi la ẹnu, ó sì pa á dé. Lẹ́yìn obìnrin náà, Manev gbé ife sókè díẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró sójú kan.

"Bàbá? Ṣé ẹ̀yin lẹ ni wọ́n ni?"

Rusi gbé ojú kúrò lára àwọn ẹfọ̀n.

"Rárá," Rusi ní. "Ti ọ̀gá ni. Èmi ni darandaran wọn."

"Ó dáa. Ẹ kú iṣẹ́," obìnrin náà ní, ó sì padà sídìí ẹran yíyan.

Ibẹ̀ ni Donka yíjú sí, tó sì rí Màmá Zlata lẹ́yìn wáyà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ó ti fi ọ̀pá tẹ ọ̀nà ọ̀hún wá láti ilé, ó wọ aṣọ dúdú tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bọ̀ wá wo ẹfọ̀n rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹ koríko. Ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì wà lórí wáyà. Ó mú ọwọ́ kúrò, ó yí ọ̀pá padà, ó sì gba ọ̀nà ilé.

"Màmá!" Donka pè é. Kò wẹ̀yìn.

Eruku ọkọ̀ àwọn ará Sofia kò tíì rọlẹ̀ tán, tí Manev náà ti wọ ọkọ̀ tirẹ̀ lọ, nígbà tí Gocho rìn wá, tó ń ju kọ́kọ́rọ́ àgádágodo sókè tó ń hán an.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tó. Ẹ kó wọn jáde."

Rusi rò pé àwàdà ni. "Títí yìnyín á fi bọ́ ni ọ̀gá ẹ wí."

"Ọ̀gá wí bẹ́ẹ̀, mi ò sọ pé kò wí bẹ́ẹ̀. Ó tún wá wí òmíì nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún yín, kí ẹ má bínú sí mi. Owó kan wà fún pápá tí ẹran ń jẹ̀. Ìyẹn ti parí lónìí. Owó kejì wà fún pápá tí nǹkan kan ò fọwọ́ kàn, torí ẹyẹ àti labalábá. Koríko ọ̀hún gbọ́dọ̀ ga. Tí ẹran yín bá sùn síbí títí di ìparí ọ̀sẹ̀, ṣé koríko máa ga?"

"Fún labalábá," Rusi ní.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi ni mo ṣòfin ni?"

Rusi pe Manev lórí fóònù. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún pè é. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò tiẹ̀ dún mọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín, wọ́n ní. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Rusi ti tán ní ẹ̀bá ẹrẹ̀ láàárọ̀.

Ẹfọ̀n kò fẹ́ jáde. Rusi pè wọ́n lórúkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń pè wọ́n láti ìgbà ọmọ ọwọ́ wọn, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n yí etí sí i, wọn ò sì dìde. Kí ni wọ́n máa dìde fún? Gocho wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun á pe àwọn ọmọkùnrin tó ní ajá.

"Má pe ẹnikẹ́ni," Rusi ní.

Ó gba ẹ̀ka igi lọ́wọ́ Donka. Ó wọ inú ẹrẹ̀ títí tó fi dé orúnkún, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sultana, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì nà án. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, Donka kò rí i kó na ẹran rí. Sultana kò ké. Ó kàn yí ojú ńlá dúdú rẹ̀ wò ó, bí ìgbà tí ẹni tó ń pè ọ́ ṣi orúkọ pè. Rusi tún nà án. Ó ń nà án, ó ń sunkún, ó ń pariwo pé, "Dìde! Dìde, mo bẹ̀ ọ́, dìde!" Nígbà tí Sultana wá dìde, tí ẹrẹ̀ ń já bọ́ lára rẹ̀ bí aṣọ tó ya, àwọn yòókù tẹ̀lé e ní títò, wọ́n jáde ní géètì bí wọ́n ṣe wọlé.

Lójú ọ̀nà, Pena wà lẹ́nu géètì rẹ̀. Ó rí ẹrẹ̀ lára Rusi, ó rí ojú rẹ̀. Ó ya ẹnu, ó sì wọlé lọ láìsọ̀rọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyẹn dun Donka ju gbogbo yẹ̀yẹ́ àárọ̀ lọ.

Màmá Zlata ti dùbúlẹ̀ nígbà tí wọ́n délé, tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọjú sógiri. Donka gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà lọ bá a, ó gbé e padà. Rusi wẹ ẹsẹ̀, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀.

"Màámi."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Rusi ni."

"Rusi tèmi ní ẹfọ̀n," arúgbó náà ní fún ògiri.

Rusi padà wá sí ilé ìdáná, ó jókòó, ó sì nawọ́ mú fóònù. Ó pe oníṣòwò ẹran tí ń ti ìgboro wá. Donka ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ti ọkùnrin náà pẹ̀lú, nítorí ohùn ọkùnrin ọ̀hún le.

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Wá kó wọn kí n tó yí ọkàn padà."

"Ka nọ́ńbà kan fún mi, kí n wo ìwé ìlera wọn lórí fóònù mi níbí."

Rusi ka ti Sultana. Kò ní láti lọ wò ó. Ọkùnrin náà kùn sínú, ó wá ní: "Rusi, kí lò ń bá mi sọ? Ẹran yìí kì í ṣe tìẹ."

"Tèmi ni."

"Ti Manev ni wọ́n kọ síbí."

"Tèmi ni mo wí! Ìyá mi ló sọ ọ́ lórúkọ!"

"Mo gbà, ọ̀rẹ́. Mo mọ ẹfọ̀n ẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé ẹran Manev sínú ọkọ̀ láìsí ọ̀rọ̀ Manev, olè ni wọ́n máa pè mí. Má bínú."

Bí Violeta ṣe wọlé bá wọn nìyẹn. Kò bọ́ bàtà. Rusi nìkan ló wò ó, kò sì bi í léèrè; ó kàn ń wò ó.

"Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ padà," Violeta ní. "Mo ti jókòó sídìí ẹ̀, bàbá. Ó dúró sẹ́yìn mi. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ títí owó á fi wọlé, torí wọ́n lè tún yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní ẹ̀yin ńkọ́, mo ní ó ṣèlérí. Ó ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ tọ́jú wọn dáadáa o. Tí ọ̀kan bá kú kí owó tó wọlé, ẹ̀yin lẹ máa dáhùn."

"Ìgbà wo lowó máa ń wọlé?" Donka bi í.

"Lẹ́yìn ọdún Kérésì. Nígbà míì, ó máa ń kọjá bẹ́ẹ̀."

Nínú ilé ẹran, wọ́n ti dákẹ́. Wọ́n yó fún ọjọ́ kan. Donka ronú kan ọ̀la, ó ronú kan koríko gbígbẹ tó kù, ó sì fi ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀ bí ẹni fọwọ́ kúrò lórí iná.

"Mi ò padà síbẹ̀ mọ́," Violeta ní. "Ẹ gbọ́? Mi ò ní padà sí ọ́fíìsì yẹn lọ́la. Kó wá ẹlòmíì. Kébi kúkú pa mí."

Ó jókòó sórí àga tí Manev fà láàárọ̀, ó sì ń retí. Ó ń retí kí ẹnì kan sọ fún un pé ó ṣe dáadáa.

Donka náà ń retí. Ó wo Rusi. Ọ̀rọ̀ baba ni, ọ̀rọ̀ kan péré: má lọ. Rusi fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sórí tábìlì, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n gbé ọwọ́ ẹlòmíràn fún. Donka yí etí sí yàrá ìyá àgbà. Kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ ju èémí lọ.

Ó dìde. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó bọ́ ọ fún un bó ṣe máa ń bọ́ ọ nígbà tó wà ní kékeré. Orí ẹ̀wù funfun tó fi ń lọ síṣẹ́, lápá, ni èérí díẹ̀ wà, bóyá inki ni, bóyá eruku. Donka fi àtàǹpàkò ra á. Kò kúrò.

"Bọ́ ẹ̀wù yìí wá," ó ní, kò sì wojú Violeta. "Jẹ́ n fọ̀ ọ́ nísinsìnyí, kó lè gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́."